Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Etí ìgbòkùn ni mo ń ká lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, níbi tí afẹ́fẹ́ ìsinmi fakansi èṣí ti fà á ya, nígbà tí àbúrò ọkọ mi wọlé. Aṣọ náà kún yàrá, ó bo ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Ìyàwó, o kú iṣẹ́ o. Ta ló gbé aṣọ yìí wá? Ṣé erin ló fẹ́ gbéyàwó ni?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọ ilé wọn ní Pobè. Ọkọ mi ni òun náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń pè é.

"Ìgbòkùn ni, ọkọ mi. Iléèwé ti pa, àwọn ọmọ fẹ́ wọ omi."

"Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi wá. Ẹbí ní kí n gbé e. Ekpè, létí òkun, ni mo ti fẹ́ máa fi pẹja."

Èmi ni mo ra ọkọ̀ náà. Kakí àwọn ọmọ iléèwé ni mo rán títí mo fi rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ó kéré: òpó kan, ìgbòkùn kan. Bàbá àwọn ọmọ mi kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ̀ ọ́, òpó ló sì dì mọ́ títí a fi gúnlẹ̀. "Ìwọ nìkan ni mo fẹ́," ó ní, "n kò fẹ́ ọ̀sà."

Ní gbogbo fakansi, bí afẹ́fẹ́ òkun bá ti dé lọ́sàn-án, èmi àti àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì á ta ìgbòkùn. Afẹ́fẹ́ á gbé wa dé ìtòsí àwọn ilé orí omi. Bí a bá ń bọ̀, ojú ló ti ń fẹ́ lù wá, a ó máa yà sọ́tùn-ún, a ó máa yà sósì, bí ẹni ń gun òkè. Nílé, mo máa ń dákẹ́. Lórí omi, èmi ni mò ń pariwo: "Fà á! Tú u sílẹ̀!"

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé etí ọ̀sà tó wà ládùúgbò wa, apẹja tó ń bá mi ṣọ́ ọ bi mí pé ọkọ̀ ta ni. Mo ní ọkọ̀ ọkọ mi ni. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀: obìnrin kì í sọ pé "ilé mi," kódà bó jẹ́ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Ilé ọkọ rẹ̀ ni. Gbogbo obìnrin tí mo mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí kò lè pani lára.

Àsìkò òjò tó kọjá ni bàbá àwọn ọmọ mi kú. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹbí rẹ̀ kó aṣọ rẹ̀, wọ́n gbé alùpùpù rẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n kó o lọ.

"Ọkọ̀ èmi ni," ni mo wí fún àbúrò ọkọ mi báyìí. N kò sọ ọ́ rí. Létí ara mi, bí irọ́ ló ṣe dún.

Ó rẹ́rìn-ín. "Apẹja tó ń ṣọ́ ọ ní láti ọjọ́ kìíní lo ti ń sọ pé ọkọ̀ ọkọ rẹ ni. Ṣé ó parọ́?"

"Kò parọ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ọkọ mi. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Gbọ́ ẹnu ara rẹ! Kí lo pè mí?"

Mo fa ìgbòkùn mọ́ra.

"Ọkọ kan kú, ọkọ kan kù," ó ní. "Ọkọ̀ ọkọ rẹ ni lóòótọ́."

Àkọ́bí mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀!" Ohùn tó máa ń gbọ́ lórí omi ló ń retí. Mo wá a, n kò rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àbúrò ọkọ mi àti àwọn ọkùnrin méjì gbé ọkọ̀ náà sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ti tẹ̀ lé wọn dé etí ọ̀sà, mo gbé ìgbòkùn lápá. Mo tú u fún un kó lè rí ipa abẹ́rẹ́ mi, kó mọ ọwọ́ tó rán an. Ó fi ìka méjì kan etí aṣọ náà.

"Èyí? Fi sá àgbàdo, ìyàwó. Ẹ́ńjìnnì la máa so mọ́ ọkọ̀."