Àwọ̀n Ẹtu Tí Mo Rà fún Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó

Òórùn àwọ̀n tuntun kò jọ òórùn mìíràn. Ó dà bí òórùn ọ̀rá tí wọ́n gbé sún mọ́ iná ṣùgbọ́n tí iná kò tíì ràn án, pẹ̀lú òórùn kẹrosíìnì díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìsọlọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń mì bí tírélà bá ń kọjá, ni òórùn yẹn ti kọ́kọ́ kan mí nímú. Títí dòní, ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá gbóòórùn ọ̀rá tuntun, àyà mi á kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ló ń dáko ní abúlé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èmi ń ta aṣọ ní ọjà Aswani, ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀. Lọ́dún yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ya wọ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Wọn kì í jẹ bí ewúrẹ́ tí ń já ewé díẹ̀díẹ̀. Imú ni wọ́n fi ń tú ebè, bí ìgbà tí katapílà bá kọjá, èyí tí wọn kò bá sì jẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan ì bá bí wa nínú lásán ni. Ohun tó dẹ́rù bà wá ni akọ kan láàárín wọn tí eyín rẹ̀ yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ó ti lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi láti àárín oko dé etí títì. Obìnrin náà ní òun gbọ́ èémí rẹ̀ ní gìgísẹ̀ òun, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti dé oko mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí pé àwọn ọdẹ mẹ́ta ti gbà láti bá òun lé wọn wọ inú àwọ̀n. Àwọn ni yóò kó ẹran náà lọ, torí àwa kì í jẹ ẹ́. Òun fúnra òun ni yóò dúró ti àwọ̀n pẹ̀lú kùmọ̀, nítorí oko òun ni. Ó ní kí n bá òun ra àwọ̀n tó lágbára, tó máa pẹ́, ní Èkó.

O mọ irú ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ti bí wa. Bàbá wa kì í dárúkọ ẹran yẹn. Bó bá di dandan, á ní “ẹran yẹn,” á sì tutọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe dàgbà.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù àwọ̀n náà jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ìdí àwọ̀n ni wọ́n bí i sí. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ó rí fìlà mi àti tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ kí mi ní Àlàájì. Mi ò dé Mẹ́kà rí. Fìlà ló gbé mi débẹ̀. Ó wá béèrè pé, “Ẹran wo lẹ fẹ́ fi mú, Àlàájì?”

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yíjú sí mi. Mo wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ mi.

“Ẹtu ni,” ni mo wí.

Àwọ̀n dúdú kan wà nílẹ̀, ó nípọn, ó le gbagidi. Ó fi ẹsẹ̀ tì í sápá kan pé ìyẹn kì í ṣe tèmi, ó sì gbé funfun kan wá. Mo fi ìka méjì ra òwú rẹ̀ bí mo ṣe ń ra ànkárá, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo ní ó dán, ó sì fúyẹ́. Ojú aláṣọ ni mo fi ra àwọ̀n. Mo gbé e dé gáréèjì Òṣòdì, mo fún awakọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà ilé wa.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà wá ra aṣọ ní ìsọ̀ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní itan ẹtu tòun dà? Kò sí ẹlòmíràn nítòsí, mo bá tẹ̀ síwájú, mo rọra sọ fún un pé ẹtu kọ́, ẹran yẹn ni, ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Mo rò pé yóò tún rẹ́rìn-ín. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló wà nídìí àwọ̀n yẹn?”

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní nígbà wo? Mo ní láti àárọ̀ òní.

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ó rọra ṣàlàyé bí ẹni ń sọ̀rọ̀ níwájú aláìsàn. Ó ní ẹtu, bí àwọ̀n bá ti lọ́ ọ lẹ́sẹ̀, á ṣubú, á máa gbọ̀n. Àwọ̀n tí kò wúwo ló tọ́ sí i. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í gbọ̀n, jíjà ló ń jà. Òwú àwọ̀n tirẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn bí okùn ìfami, kí wọ́n ta kókó rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kí ó má baà yọ̀, kí ojú àwọ̀n má ju ohun tí orí ẹran náà lè wọ̀ tí èjìká rẹ̀ kò ní lè kọjá. Okùn ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo, torí imú ni yóò fi gbé e láti ìsàlẹ̀, a kì í sì í so ó mọ́ èèkàn, igi tó ta gbòǹgbò nìkan ni. “Èyí tí mo tà fún yín,” ó ní, “eyín ẹlẹ́dẹ̀ á gé e bí òwú ìránṣọ. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kó kúrò níbẹ̀.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kò wọlé. Mo pè é léraléra. Oníbàárà kan ní kí n gé ọ̀pá márùn-ún, mo gé mẹ́rin fún un. Mo lọ kírun Alásàrí, mi ò mọ̀ bóyá rákà mẹ́ta ni mo kí tàbí mẹ́rin. Ohun tí mo ń rí níwájú mi ni eyín tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Nígbà tí mo padà, obìnrin Ìlàjẹ náà ṣì jókòó sórí àpótí mi. Ó ti ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, kò sì bìkítà. Ó gbàdúrà ní orúkọ Jésù, mo ṣe àmín, tọkàntọkàn ni mo sì fi ṣe é.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló pè níkẹyìn. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹlòmíràn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tinrín bí ohùn ọmọdé. “Àwọ̀n rẹ ya,” ló wí.

Akọ náà gba inú àwọ̀n kọjá bí ẹni gba inú òwú aláǹtakùn. Èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀, ó wọ́ ọ ṣubú, ẹran náà sì yí padà, ó la orúnkún rẹ̀. Ìbọn ọdẹ kan ló gbà á sílẹ̀.

Ní ọsibítù ni mo ti jẹ́wọ́ fún un pé ẹtu ni mo pe ẹran náà níwájú obìnrin alápò àwọ̀n. Ó wá ní, “Orúkọ kì í ba ẹnu jẹ́, àbúrò mi. Ẹsẹ̀ mi lo fi ṣọ́ ẹnu rẹ.” Kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo padà sí Ìsọlọ̀. Bẹ́ǹṣì kún. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni mo fẹ́ fi àwọ̀n mú. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé Àlàájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Obìnrin náà ní kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ àwọ̀n dúdú náà mọ́lẹ̀, kí n fi ọwọ́ fà á títí ẹ̀yìn á fi dùn mí. Kókó kan kò yẹ̀. Ó ní kí a má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, oòrùn ló ń pa ọ̀rá. Àwọ̀n náà ṣì wà ní abúlé, lábẹ́ òrùlé, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n orúnkún ẹ̀gbọ́n mi kò ká mọ́. Nígbà Iléyá, orí àga ló ti ń kírun, èmi á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo pe ẹran yẹn ní ẹtu, mo rò pé mò ń pa ẹnu mi mọ́ kúrò nínú ẹ̀gbin ni. Bí gbogbo wa bá forí kanlẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ni mo máa ń rí, mo sì mọ̀ pé orí tirẹ̀ nìkan ló wà lókè.