Pẹ̀lẹ́ Lórí Yìnyín

Bí mo ṣe tú bàtà onírin tí mo fi ń yọ̀ lórí yìnyín lónìí, òórùn òrí tí mo fi pa ẹsẹ̀ gba imú mi, mo sì rántí ọ̀sán kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Bronx, àdúgbò wa ní Amẹ́ríkà. Mọ́mì mi ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó dé pápá yìnyín tí èmi àtàwọn ọmọ mìíràn ti ń kọ́ bí a ṣe ń yọ̀, wọ́n fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀, wọ́n ró ìró lé yúnífọ́ọ̀mù nítorí òtútù. Ọmọ yòówù tó bá ṣubú, wọ́n á pariwo láti ìjókòó: “Pẹ̀lẹ́ o!”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí.”

“Ọmọ ṣubú, kí n máa wò ó níran?”

Ojú tì mí gan-an.

Lónìí, mo ṣubú níbi ìdíje, pẹ̀lú àsíá Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tó gbà mí ṣọmọ, láyà mi. Ó ti pẹ́ tí Mọ́mì ti kú. Nígbà tí mo dìde, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó kí mi pẹ̀lẹ́.