Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Kí Àgbà

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa yín lẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí èèyàn bá sì ti rẹ́rìn-ín tán, kì í bi ẹlẹ́ṣẹ̀ léèrè nǹkan mọ́.

Òórùn méjì ni mo fi ń mọ ọjọ́ Jímọ̀ nígbà náà ní Agbowó: kẹrosíìnì tí mo fi ń fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi, àti lọ́fíńdà tí bàbá àgbà mi fi ń ra irùngbọ̀n. Ilé ìwé máa ń tètè jáde lọ́jọ́ náà. Kí n tó délé, wọn á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọn á ti ká agbádá wọn sórí itan, wọn á máa retí awakọ̀ wọn. Èmi ni awakọ̀.

Ṣakí ni wọ́n ti wá bá wa gbé lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú, gbogbo àdúgbò sì ń pè wọ́n ní Bàbá Ṣakí. Orúnkún wọn kò fẹ́ ìrìn jíjìn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ wọ takisí. Wọ́n ní takisí kì í jẹ́ kí èèyàn rí èèyàn kí.

Ọ̀gá bàbá mi, òyìnbó kan, ló fún wa ní kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Táyà rẹ̀ nípọn, ó léyín bíi ti katakata, kò sí kòtò tó ń bà á lẹ́rù. Gòkègòkè là ń pè é. Bàbá Ṣakí fúnra wọn ló mú un lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní Bódìjà, tí ó jó kàríà mọ́ ọn lẹ́yìn. Màmá mi ká ògbólógbòó ìró lé e. Orí rẹ̀ ni Bàbá máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí a ó máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Bódìjà, tí wọn á máa kí ọ̀tún, tí wọn á máa kí òsì, bí ọba tó jáde lọ wo ìlú. Bí ẹni tí wọ́n kí bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, wọn á fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, èmi á dúró. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń tì mí lójú tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó háyà yàrá nínú ilé wa, Bùọ̀dá Délé, ló ní résà, kẹ̀kẹ́ eré ìje. Táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka, hándù rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Omi ẹ̀rọ kì í yọ ládùúgbò wa, Bùọ̀dá Délé ń wá ohun tí yóò máa fi gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Èmi ń wá eré. Bí a ṣe ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Mo bi bàbá mi, mo bi màmá mi. N kò bi Bàbá Ṣakí.

Wọ́n yí résà náà po, wọ́n wò ó níwájú, wọ́n wò ó lẹ́yìn.

“Jàmíù, ibo ni tèmi wà níbẹ̀?”

Mo ní kí wọ́n máa wọ takisí. Wọ́n ní ó dáa. Nígbà tí mo wá gùn ún, tí mo tẹ̀ ba lé hándù náà, wọ́n ní, “Kí ló sọnù tí ò ń wá nílẹ̀?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe di àwàdà fún gbogbo ọ̀nà Bódìjà nìyẹn. Àwọn àgbàlagbà tí mo bá kọjá rò pé mo ń dọ̀bálẹ̀ ni. “Ọlọ́run á wò ọ́, ọmọ dáadáa.” Èmi kò tilẹ̀ rí wọn, táyà iwájú ni mò ń wò, ṣùgbọ́n mo ń ṣe àmín. Bàbá kan tó ń ta pákó tọ màmá mi wá láti kí i pé ó kọ́ mi dáadáa, pé orí eré pàápàá ni mo ti ń kí àgbà. Màmá fún mi ní ẹran lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó wá ní, “Asúrétete kò ní kọjá ilé o.” Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Ní Jímọ̀ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ní résà tirẹ̀ ń sáré ìje láti Agbowó lọ sí Bódìjà. Mo ń borí. Mo rí agbádá funfun kan lẹ́bàá ọ̀nà níwájú, pẹ̀lú ọ̀pá, nínú oòrùn. Wọn kò wọ takisí. Wọ́n rí mi, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n pe orúkọ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́. Mo tẹrí ba sí i, mo tẹ pédà.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi bá mi, ó ní, “Ṣé kì í ṣe bàbá yín nìyẹn?”

Mo ní, “Mo ti kí wọn.”

Lálẹ́, ẹsẹ̀ Bàbá wú, màmá mi ń fi omi gbígbóná jó o. Ó bi mí bóyá n kò pàdé wọn lọ́nà. Kí n tó lanu, Bàbá ti dáhùn.

“A pàdé. Ó kí mi gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀ débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá mi rẹ́rìn-ín. Bàbá Ṣakí wá fà mí mọ́ra, ohùn wọn wálẹ̀ débi pé èmi nìkan ni mo gbọ́.

“Mo ṣàdúrà fún ọ. Ó ṣì wà lójú ọ̀nà níbẹ̀. O sáré jù, kò lè lé ọ bá.”

Mo fẹ́ gba Gòkègòkè padà. Bùọ̀dá Délé ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó ti gbé e lọ sílùú wọn. Kí ààwẹ̀ tó dé, Bàbá ní afẹ́fẹ́ Ṣakí ń wù wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ọjọ́ tí wọ́n kú náà ni wọ́n sin wọ́n, n kò sí níbẹ̀.

Ọ̀kadà ni mò ń gùn jẹun báyìí. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ó ju ìró tí a ká lọ. Ọmọ tó ń gun résà nígbà náà yá ju èmi yìí lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí mo bá rí arúgbó lẹ́bàá ọ̀nà, mo máa ń rọra, mo máa ń gbórí sókè, mo sì máa ń fẹnu kí i. Bí a bá dé ibi tí agbádá funfun yẹn ti gbọ́wọ́ sókè ní Bódìjà, mo tún máa ń rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èrò ẹ̀yìn á ní, “Ọlọ́kadà, ṣé oorun ń kùn ọ́ ni?” Mo máa ń bẹ̀ wọ́n ni. Mo jẹ ẹnì kan ní ìkíni kan, àdúrà rẹ̀ sì ṣì dúró sójú ọ̀nà níbẹ̀. N kò fẹ́ tún sáré kọjá lára rẹ̀.