Yìgì Tí Wọ́n So Nínú Fíìmù

Ìyá mi ń dín ẹja lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ ró ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Wọ́n rò pé epo ló ń ta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba ìlú, ọjà ti tì, ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀jìgbò ìlú wa ti dí.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bèèrè ní Asti, ní Ítálì níbí, bí mo ṣe fẹ́ bàbá yín, ẹ jókòó. Èmi àti Ràfíù ti ń fẹ́ra, ṣùgbọ́n bàbá mi ti búra pé Ẹ̀jìgbò nìkan, lójú ẹbí, ni wọn yóò ti so yìgì ọmọ òun. À ń dúró. Gààrí là ń mu. Bí ìbọn bá ró, gbogbo ilé a sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Múkáílà tó ń ya fídíò ìgbéyàwó kò rí ìgbéyàwó yà mọ́. Ló bá ní ká ṣe fíìmù olórin lédè Faransé, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ọ. Èmi ni ìyàwó, Ràfíù ni ọkọ. Bí ìbọn bá gé orin, a ó tún un kọ. Ebi ń pa wá, à ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ibi ìgbéyàwó nínú fíìmù náà. Wọ́n pe Alfa àdúgbò kó wá ṣe é.

“Múkáílà, wọn kì í fi yìgì ṣeré. Tí mo bá so ó, ó so nìyẹn.”

“Alfa, fíìmù mà ni.”

“Lọ sọ fún Ọlọ́run pé fíìmù ni.”

Gbogbo wa yíjú sí bàbá mi tí wọ́n wá wòran. Ìbọn ró lápá ọjà. Wọn ò mira.

“Bàbá, ṣé ká yọ ibẹ̀ kúrò?” Múkáílà bi wọ́n.

“Yọ kí ni? Ta ló mọ ẹni tí yóò dé Ẹ̀jìgbò nínú wa?” Wọ́n sún àga wọn mọ́ Alfa. “Ràfíù, kí lo mú wá?”

Ràfíù bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. “Èyí ló kù, Bàbá. Ó máa ń sáré díẹ̀.”

“Ó dáa. Wàá tètè bímọ.”

Alfa bi mí bóyá mo gbà. Faransé ni mo fi dáhùn, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ sórí. Wọ́n ní kí n fi Yorùbá sọ ọ́ kó dá àwọn lójú. Mo sọ ọ́.

Ogun parí, ìlú dákẹ́ bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Múkáílà fi fíìmù náà ta wá lọ́rẹ. Orin àti ijó pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alfa ń ṣàdúà, Múkáílà gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kó lè tẹ́wọ́ méjèèjì ṣe àmín. Ẹsẹ̀ nìkan lẹ ó rí níbẹ̀.

“Dov'è papà?” Níbo ni bàbá wà? Ìgbà gbogbo lẹ máa ń bi mí bẹ́ẹ̀.

Òun ló wọ sálúbàtà tó já yẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń gbọ̀n. Ìbọn ti dákẹ́ nígbà yẹn o.