Ọkọ̀ Oníná Tí Làtífù Rà Nítorí Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àárò ìyàwó ṣe ń sọ ọkùnrin, kó wá wo Làtífù, ará ilé wa ní àdúgbò Lasunwon, ní Ìkòròdú. Ọmọ Ìwó ni. Ó ń ta páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gáréèjì Ìkòròdú. Nọ́ọ̀sì ni Balqees, ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé Balqees lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́, Làtífù àti Hàbíbàt ọmọ wọn nìkan ló kù nílé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Hàbíbàt, kò sì lè sùn bí kò bá di ìborùn ìyá rẹ̀ mú.

Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe òkè òkun o! Ẹni tó bá ti kọjá Ìtóìkín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ òórùn ẹja wọn. Àmọ́ ọjọ́ ìsinmi nọ́ọ̀sì kì í pọ̀, bọ́ọ̀sì tó ń dúró kó èrò, tó ń dúró já èrò, á sì ti jẹ ìdajì rẹ̀ sójú ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kan tí Balqees gbìyànjú rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló wọlé. Ó jókòó sórí àga láti bọ́ bàtà, ló bá sùn lọ síbẹ̀. Ní ìdájí, ó tún ti gba Gáréèjì lọ. Nígbà tí Hàbíbàt jí, ó ní òun lá àlá pé Mọ́mì wá.

Ohun tó mú kí Làtífù ra ọkọ̀ oníná nìyẹn.

Háà, ọkọ̀ yẹn! Tòkúnbọ̀ kékeré ni, aláwọ̀ ewé, kì í mu epo rárá. Bí ẹ ṣe ń fi wáyà sí fóònù yín náà lẹ ṣe máa fi wáyà sí i. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, iná á tàn níwájú yín, nọ́ńbà á yọ tó máa sọ fún yín bí agbára tó kù ṣe pọ̀ tó, ó parí! Kò ní gbọ̀n, kò ní tú èéfín. Ògoolúwa tó tà á fún un kò purọ́ fún un. Ó ní bátìrì rẹ̀ ti dàgbà díẹ̀. Bó bá kún dẹ́nu, á gbé e dé Ẹ̀pẹ́, á sì gbé e padà, àmọ́ kó má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Làtífù ní, “Ibi tí mò ń lọ náà nìyẹn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni lọ sí Sókótó.”

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e gba Gáréèjì, ó dúró kí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kọjá. Agbèrò kan tẹ́tí, kò gbọ́ ìró kankan, ló bá figbe ta: “Mọ́tò ọ̀gá ti kú o! Ẹ bá wa tì í!”

Kí Làtífù tó yanu, àwọn mẹ́ta ti gbé àyà lé ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Ẹ fi sí jíà, ọ̀gá!”

“Kò kú o!”

“Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ fi sí jíà, jàre!”

Làtífù bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ yọ́ lọ níwájú wọn, àwọn agbèrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú bolẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń gbọn eruku lára, ó ń kígbe tẹ̀ lé e pé, “Ọ̀gá, ṣé iwin lẹ gbà ní dírẹ́bà ni?”

Nínú ilé wa, Hàbíbàt ló sọ ọ́ lórúkọ. “Ọkọ̀ Mọ́mì” ló ń pè é. Ìyá Mọ̀nsúrát, onílé wa, ọmọ Ìkòròdú pọ́nńbélé, a máa dúró tì í láràárọ̀, á fi ọwọ́ lu orí rẹ̀ pẹ́pẹ́: “Mọ́tò tí kò lè wúkọ́, ṣé o jí ire?”

Nígbà tó yá, Balqees rí Sátidé àti Sọ́ńdè gbà pa pọ̀. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló máa padà sí. Làtífù máa lọ gbé e ní àárọ̀ Sátidé, Balqees á wá sùn nílé ara rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti tún fi iná sí ọkọ̀ di ọjọ́ kejì, ó máa gbé e padà. Balqees sọ lórí fóònù pé, “Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo fẹ́ sùn. Mi ò fẹ́ oúnjẹ kankan, mi ò fẹ́ àlejò. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sùn nílé mi.” Làtífù fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Ó fọ kọ́tìnnì pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, iná dé. Làtífù fi wáyà sí ọkọ̀, ó rí i pé nọ́ńbà ń gòkè, ó lọ sùn. Àmọ́ òjò ṣú lóru yẹn, àrá bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń ṣe bí àrá bá ń sán: kíá, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n, ẹ yọ fíríìjì, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára iná! Àrá ti jẹ fíríìjì kan mọ́ Ìyá Mọ̀nsúrát lọ́wọ́ rí. Màmá bá gbé agbòòrùn, wọ́n yọ ti yàrá wọn, wọ́n jáde síta, wọ́n yọ ti ọkọ̀ náà. Wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀rá wé ẹnu wáyà kí omi má baà kàn án.

Láàárọ̀, wọ́n ń dúró de Làtífù lẹ́nu ọ̀nà.

“Làtífù! Mo bá ẹ yọ ọ́ o! Àrá àná yẹn ì bá ti sọ ọ́ di eérú!”

Làtífù tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà kò tíì kọjá àárín rárá. Iná náà sì ti bá òjò lọ. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ìyá arúgbó tó torí ẹni jáde sínú òjò? Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ kú wàhálà.”

“Wàhálà kẹ̀? Kí ìyàwó ṣáà délé.”

Agbára tó wà nínú ọkọ̀ máa gbé e lọ. Kò ní gbé e bọ̀. Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni fóònù dún.

“Dádì Hàbíbàt, ṣé ẹ ti ń bọ̀? Mo ti di ẹrù mi.”

Làtífù wo Hàbíbàt, tó ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ látìgbà tó ti jí.

Ó ní, “A ti wà lọ́nà.”

Ó rọra wà á. Kò tan ẹ̀rọ amúlétutù, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń já a sílẹ̀, kọ̀ńdọ́ ń yọrí: “Ìgbín, yà fún wa!” Hàbíbàt ń ka nọ́ńbà bó ṣe ń já wálẹ̀, bí ẹni ń kọrin. Nígbà tí wọ́n kọjá afárá Ìtóìkín, Làtífù ní kó má kà á mọ́.

Ẹnu ọ̀nà yàrá tó gbà ní Ẹ̀pẹ́ ni Balqees dúró sí, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì gbé ẹja yíyan tó rà fún Ìyá Mọ̀nsúrát dání. Hàbíbàt sáré dì mọ́ ọn. Balqees ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti gbé báàgì sórí àga kí Làtífù tó lè sọ̀rọ̀.

“Balqees, bátìrì ò tó wa padà.”

“Ẹ jẹ́ ká fi iná sí i níbí nígbà náà.”

“Ṣé iná wà?”

Balqees mirí. Àdúgbò wọn kò tíì rí iná láti ọjọ́ mélòó kan.

“Ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ò wá sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ, wàá ní kí n má wulẹ̀ wá.”

Balqees wo ọkọ̀, ó wo ojú títì. Wọn ò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún olè síbẹ̀ kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Ó gbé báàgì rẹ̀ padà, ó ní, “Ẹ wọlé. Oòrùn ń pa ọmọ.”

Yàrá kan ṣoṣo ni, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há ara wọn sórí rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹja Ìyá Mọ̀nsúrát tán. Balqees ń béèrè nǹkan ilé ṣáá: ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti so? Ta ló ń di irun Hàbíbàt? Kọ́tìnnì wo ló wà lójú fèrèsé?

“Aláwọ̀ pupa yẹn. Mo fọ̀ ọ́.”

“Ẹ fọ̀ ọ́?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, gbogbo àdúgbò hó yèè: “Wọ́n ti muná wá o!” Àwọn ọmọdé ń fò, jẹnẹrétọ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá Balqees, kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tó yá, Hàbíbàt sọ wẹ́lẹ́ pé, “Ó lè tún lọ o.”

Balqees ló dìde. “Ọmọ ní ilé ìwé lọ́la.” Ó gbé wáyà gba ojú fèrèsé jáde, ó fi í sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó fi máa wọ aṣọ funfun rẹ̀ nírọ̀lẹ́, agbára káká ni nọ́ńbà fi tó ọ̀nà Ìkòròdú.

Ó ní, “Ó ti tó yín. Ẹ máa lọ. Màá wọ ọ̀kadà.”

“Wọlé.”

“Dádì Hàbíbàt, ẹ máa jẹ iná yẹn tán o.”

“Mo ní wọlé.”

Ọ̀nà etí ọ̀sà ni Làtífù gbà, èyí tó jìn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó yẹ kó yà sí ilé ìwòsàn, kò yà. Balqees rí i, ó wo ìta. Omi ọ̀sà ń dán, àwọn apẹja ń ká àwọ̀n. Ó yí i po, ó tún dé ibẹ̀, kò tún yà.

“Màá pẹ́ o.”

“Mo mọ̀.”

Ìgbà kẹta ló tó yà. Balqees sọ̀ kalẹ̀ ní géètì, ó bá Hàbíbàt tún ọrùn aṣọ tí kò ní àléébù kankan ṣe. Ó wo nọ́ńbà tó kù. Kò lè gbé wọn dé Ìkòròdú mọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ jáde, ó fi í sínú àtẹ́lẹwọ́ Làtífù, ó sì wọlé láìwẹ̀yìn.

Làtífù wà á padà sí yàrá Balqees, ó tún fi wáyà sí i. Hàbíbàt sùn sí ojú ibi tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí. Làtífù jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò tiẹ̀ wo ọkọ̀ mọ́, ọ̀nà ilé ìwòsàn ló ń wò.