Ẹja Wà Nínú Fíríìjì, Oògùn Ralitsa Wà Níta

Ralitsa Petkova, tí a jọ ń gbé yàrá kan ní yunifásítì, kú láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ilé ìwòsàn ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòótọ́. Ẹja ńkọ́?

Ọdún kìn-ín-ní ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ oògùn. Ohun tí mo mọ̀ ò tó nǹkan. Mo ti kọ èyí rí, mo sì fà á ya. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì irú jẹjẹrẹ tó ṣe Ralitsa ò lè se oúnjẹ kan tó nílò. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáká ń se tirẹ̀. Asparaginase, ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n ń fún un, a máa palẹ̀ oúnjẹ náà mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì pa jẹjẹrẹ.

Ralitsa rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣàlàyé. "Bí màmá mi ṣe ń ṣe bàbá mi nìyẹn tó bá mutí wálé. Kò ní bá a jà, á kàn ti ilé ìdáná pa."

Fíríìjì ni oògùn yìí ń gbé. Kò gbọdọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ dì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí rẹ̀.

Ó ku ọ̀la kó gba abẹ́rẹ́ ni ọjọ́ Níkóláì Mímọ́ pé, ọdún tí gbogbo ilé níbẹ̀ ń jẹ ẹja, tí wọ́n sì ń ta gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Nikola lọ́rẹ. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù ń jẹ́ Nikola Dragiev. Àwọn ará ilé aláìsàn gbé ẹja wá bí ẹni ń san ìṣákọ́lẹ̀ fọ́ba, títí fíríìjì oògùn fi kún. Mo bá nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń to oògùn sí etí fèrèsé níta, nínú òtútù tó ń sọ omi di òkúta.

"Ẹ jọ̀ọ́, Antí, á dì."

"Ọ̀gá ló ní kí n gbé e síbẹ̀. Lọ bá wọn."

Mo lọ bá wọn. Dókítà Dragiev wò mí látòkè délẹ̀. "Ìgbà wo lo wọ yunifásítì gan-an? Fíríìjì Ọlọ́run ló wà níta yẹn, kì í tiẹ̀ jẹ iná."

Àwọn tó yí i ká rẹ́rìn-ín.

Oògùn dì gbagidi. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ amúlégbóná kó yọ́, wọ́n sì gún Ralitsa ní òkú oògùn. Ẹ wo ọgbọ́n: oògùn tó yẹ kó gba oúnjẹ lẹ́nu àrùn, oúnjẹ ọ̀gá ló lé e síta. Ta ló yó ju jẹjẹrẹ lọ nínú ọdún ẹja yẹn?

Ìyá Ralitsa náà gbé ẹja wá láti abúlé, kí wọ́n lè tọ́jú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Níbi ìsìnkú, ó di ọwọ́ mi mú: "Ọmọ mi, ṣé ẹja tèmi ló gba àyè oògùn rẹ̀?"

Kì í ṣe èmi ló yẹ kó fèsì. Kí Dókítà Dragiev jáde wá dá a lóhùn níwájú gbogbo wa, kí ó tó fọwọ́ kan aláìsàn mìíràn.