Àbúrò Mi Rí I, Èmi Dijú

Ọ́fíìsì kan ní Liverpool Road, ní Àpápá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn kò ní owó oṣù: èmi ni mò ń gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn tó bá rí sátẹ́láìtì tó ń já bọ̀ láti òkè. Bí àwọn ẹ̀rọ yìí bá gbó, wọn á já wọnú afẹ́fẹ́ ayé, wọn á gbiná, wọn á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Màá bi ẹni tó rí i pé: ibo ló gbà wá? Ṣé ó yára bí ìràwọ̀ tó já, àbí ńṣe ló ń wọ́ bọ̀? Màá ní kó na ọwọ́, kó di ìkúùkù, kó fi wọn bí iná náà ṣe ga sí lórí omi. Lẹ́yìn náà màá fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ lókè òkun.

Awakọ̀ tírélà ti rí i. Apẹja kan ní Snake Island ti rí i, ó rò pé ọkọ̀ òfuurufú ló ń jóná. Èmi ò rí i rí. Bí wọ́n bá ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ńṣe ló máa ń dà bí ìgbà tí ebi ń pani, tí òórùn ẹran díndín ń ti ilé kejì wá.

Àbúrò mi obìnrin ní tirẹ̀ ń ta ẹja yíyan ní Ajégúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kò kàn án rárá. Nígbà tí a wà ní kékeré, ojú kan ló máa ń dì bí a bá ń gbàdúrà. Ìyá wa á gbá a lórí, á ní kó wo èmi tí mo dijú pinpin.

Lọ́jọ́ kan, ará ìjọ wa kan ra ọkọ̀ ojú omi tuntun, gbogbo wa sì lọ gbàdúrà sí i ní Marine Beach. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni. Pásítọ̀ ní, "Ẹ dijú, ẹ la ẹnu!" Ariwo àdúrà ta. Àbúrò mi fa apá aṣọ mi. Mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó tún fà á. Mo ní eré rẹ̀ àtijọ́ ló tún gbé dé, mo túbọ̀ dijú pinpin.

Nígbà tí a ṣe àmín, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Àǹtí mi, no vex o. Nǹkan tí ẹ máa ń wí yẹn, mo ti rí i. Ó tú sí bíi mẹ́fà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, jẹ́jẹ́ báyìí, láti orí kéréènì pọ́ọ̀tù lọ sápá Snake Island."

"Kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Nínú àdúrà? Ṣebí mo fà yín láṣọ."

Ara ta mí. Ìlara ni, n ò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Èmi tí mò ń wá a tọ̀sán tòru, ẹni tí kò bìkítà ni wọ́n wá fi í hàn. Mo bi gbogbo ìjọ léèrè. Onígbọràn ni wọ́n; kò sẹ́ni tó lajú.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kó na ọwọ́, kó di ìkúùkù. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́. Èsì dé pé ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan kò tó. Ṣé ẹlòmíràn wà níbẹ̀?

Bí mo bá kọ "Èmi náà rí i," ta ni yóò mọ̀? Èmi náà á ní tèmi níkẹyìn. Ó pẹ́ kí ìka mi tó kan fóònù. Mo kọ ọ́ pé: "Mo dúró tì í. Mo dijú."

Nígbà tí ọkọ̀ náà kó ẹja àkọ́kọ́ wálé, a tún lọ dúpẹ́ ní bèbè omi kan náà, ní ìrọ̀lẹ́. Pásítọ̀ ní ká dijú. Mo la méjèèjì kalẹ̀. Ojú ọ̀run ṣófo. Ìgbà tí mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, àbúrò mi ló dijú pinpin, tí ètè rẹ̀ ń mì.

"Ìwọ náà ti ń dijú?" Mo bi í lẹ́yìn àmín.

"Mò ń bẹ Ọlọ́run kó fi tiyín hàn yín, Àǹtí mi."

Gbogbo àdúrà tí mo ti ń dijú gbà láti kékeré, n ò rántí èyí tí mo gbà fún un. Mo tún jowú rẹ̀.